Àjẹ́ Ké Lánàá: Gígé Àwòrán àti Ìbẹ̀rù Nínú Fíìmù Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pa òwe yìí bí ẹni tí ó mú ẹ̀rí tí kò ṣeé já ní koro wá síwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú ẹni tí ó mọ iṣẹ́ fíìmù wò ó, a ó rí i pé nǹkan méjì péré ni òwe náà fi hàn wá: igbe kan àti òkú kan. Kò fi hàn wá bí èkíní ṣe bí èkejì. Àwa tí a gbọ́ ọ ni a so wọ́n pọ̀. Òru kan ṣoṣo ló wà láàárín igbe àti òkú, inú òkùnkùn òru náà sì ni gbogbo ẹ̀rù òwe náà sá pamọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ nípa fíìmù tí ń dẹ́rù bani ni a fẹ́ sọ, òwe yìí ni a ó sì fi ṣe àtùpà. Bí a bá bi àwọn òǹwòran ohun tí ó mú kí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ba àwọn lẹ́rù, wọn yóò dárúkọ ẹ̀jẹ̀. Wọn yóò dárúkọ ojú tí wọ́n fi ẹfun àti osùn kùn, aṣọ pupa, agbárí, àti iná tí ń jáde láti àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn. Gbogbo ìwọ̀nyí wúlò, ṣùgbọ́n ohun èlò lásán ni wọ́n. A ti rí fíìmù tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀ bí àgbàrá òjò tí àwọn ọmọdé sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Oríkèé ni ẹ̀rù ń gbé, èyí ni ibi tí olùgé-àwòrán ti so àwòrán kan mọ́ òmíràn. Ohun tí a sì fẹ́ kí ó yé òǹkàwé ni pé oríkèé yìí kì í ṣe ibi òfìfo. Ó máa ń nawọ́ sí ẹnì kan. Ẹni tí ó nawọ́ sí ni ó yẹ kí a fi díwọ̀n fíìmù náà kí a tó wí pé ó dára tàbí kò dára.

Ọgbọ́n gígé àwòrán ti pẹ́ láyé. Georges Méliès, ará Faransé tí ó ti ń pidán kí ó tó di oníṣẹ́ fíìmù, ròyìn pé ní ọjọ́ kan tí òun ń ya àwòrán ìgboro Paris, ẹ̀rọ òun há fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tí ó wá wo ohun tí ó yà, ọkọ̀ akérò kan tí ń kọjá lọ ti di ọkọ̀ tí ń gbé òkú. Ní ọdún 1896, ó mọ̀ọ́mọ̀ lo irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ láti sọ obìnrin tí ó jókòó lórí àga di egungun gbígbẹ. Ní Rọ́ṣíà, ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé ogun àgbáyé kìíní, Lev Kuleshov mú àwòrán ojú ọkùnrin kan, ojú tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sì sunkún. Ó so ó mọ́ àwo ọbẹ̀, àwọn òǹwòran ní ebi ń pa ọkùnrin náà. Ó so ojú kan náà mọ́ pósí, wọ́n ní ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ẹ́. Ojú náà kò yí padà; aládùúgbò rẹ̀ ló yí padà. Kí Kuleshov tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àlùmọ́gàjí gé àwòrán, òwe àjẹ́ àná ti mọ ohun tí ó ń wá.

Nígbà tí iṣẹ́ fíìmù dé ọwọ́ àwọn òṣèré orí ìtàgé wa, kò yani lẹ́nu pé ọgbọ́n yìí ni wọ́n tètè dì mú. Lórí ìtàgé, ẹ̀dá kò lè pòórá àfi bí iná bá kú tàbí bí aṣọ ìkélé bá wálẹ̀. Nínú fíìmù, kí a dá kámẹ́rà dúró, kí a ní kí òṣèré kúrò, kí a tún tan kámẹ́rà, ó parí. Ní bèbè ọdún 1980 ni Hubert Ògúndé gbé Aiyé jáde, tí òun fúnra rẹ̀ ṣe Ọ̀ṣẹ́tùúrá, adáhunṣe tí ń bá àwọn àjẹ́ jà. Jáiyésinmi tẹ̀lé e ní ọdún 1981. Ohun tí àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà lábẹ́ òṣùpá wá di ohun tí ojú rí ní gbangba. Lẹ́yìn èyí ni fídíò dé. Living in Bondage, tí wọ́n fi èdè Igbo ṣe ní ọdún 1992, sọ ìtàn ọkùnrin tí ó fi ìyàwó rẹ̀ ṣòògùn owó, tí òkú ìyàwó náà sì ń yọ sí i lójú ibi tí kò retí. Fídíò Yorùbá pẹ̀lú kò gbẹ́yìn. Àwọn iṣẹ́ bíi Kòtò Ọ̀run ti Yẹkínì Ajílẹ́yẹ sọ yíyọ lójijì àti pípòórá lójijì di oúnjẹ òòjọ́ fún òǹwòran.

Kí a tó lè mọ bí ọgbọ́n náà ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn, ó yẹ kí a mọ ibi tí wọ́n ti ń wò ó. Ní àwọn ọdún 1990, kì í ṣe gbọ̀ngán sinimá ni ọ̀pọ̀ ará Òṣòdì, Máfolúkù, Ìsọlọ̀ àti Ìlasamàjà ti ń wo fídíò ẹlẹ́rù. Inú ilé oníyàrá púpọ̀ ni, ilé tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan là láàárín, tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Ẹnì kan yóò yá kásẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì, àwọn ayálégbé yóò kó jọ sí yàrá ẹni tí ó ní tẹlifíṣọ̀n. Bí fídíò bá tán, tàbí bí NEPA bá mú iná lọ kí ó tó tán, olúkúlùkù ní láti gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúdú náà padà sí yàrá rẹ̀, tàbí kí ó jáde lọ sí ilé ìyàgbẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Kò sí olùdarí eré tí ó lè ra irú ìparí bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà so mọ́ àwòrán tí ó gbẹ̀yìn, ó sì di ara fíìmù. Ẹni tí ń gbé yàrá ìpẹ̀kun, àgàgà bí ó bá jẹ́ obìnrin àgbà tí kò ní ọmọ lọ́dọ̀, tí kì í sì í bá ènìyàn sọ̀rọ̀ púpọ̀, lè jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí ó rí i pé òun ti di òṣèré nínú eré tí kò sí ẹni tí ó fi lọ òun.

Ọgbọ́n kejì tí ń dẹ́rù bani ni ti ohùn, ó sì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ní ọdún 1942, Jacques Tourneur darí fíìmù kan ní Amẹ́ríkà tí Val Lewton jẹ́ olóòtú rẹ̀. Cat People ni orúkọ rẹ̀. Owó tí wọ́n ní kò tó kí wọ́n fi ṣe ẹranko tí yóò ba ènìyàn lẹ́rù, nítorí náà òjìji àti ìró ni wọ́n fi ṣe é. Obìnrin kan ń dá rìn lóru. A ń gbọ́ bàtà rẹ̀, a sì ń gbọ́ bàtà ẹni tí ń tẹ̀lé e. Láìpẹ́, ìró bàtà kejì dákẹ́. Bí a ti ń retí pé kí ẹranko bẹ́ mọ́ ọn, ariwo kan sán gààràgà bí igbe ẹranko; bọ́ọ̀sì ni, ó dúró láti gbé èrò. A kò rí ẹranko kankan, síbẹ̀ ara òǹwòran ti bù máṣọ. Ẹni tí ó bá ti dúró ní ibùdókọ̀ Òṣòdì ní alẹ́, tí ó ń gbọ́ ìró bíréèkì ọkọ̀ kí ó tó rí ọkọ̀, yóò mọ ohun tí Tourneur ń sọ láìsí ògbufọ̀.

Yorùbá kò nílò olùkọ́ ní ti èyí. Ní ìlú tí wọ́n bá ti ń bọ Orò, obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kàn án. Inú yàrá tí ilẹ̀kùn ti tì ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ bí ó ṣe ń ké kọjá. Ohùn náà tó. Bí ẹnikẹ́ni bá lè rí i ní ọ̀sán gangan, ẹ̀rù rẹ̀ yóò dín kù. Èyí ló mú kí Fàdèyí Olóró, tí olóògbé Òjó Arówóṣafẹ́ ṣe nínú Àrélù, eré orí tẹlifíṣọ̀n ti Jímọ̀ Àlíù ní àwọn ọdún 1980, ṣòro láti gbàgbé. Kì í ṣe ìdán ló sọ ọ́ di ẹlẹ́rù. Ohùn rẹ̀ ni, bí ó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn, tí ọfọ̀ ń gun orí ọfọ̀. Olùgé-àwòrán tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gé ọfọ̀ láàárín, nítorí ọfọ̀ tí a gé ti di ọ̀rọ̀ lásán. Ó ní láti jẹ́ kí kámẹ́rà dúró kí ó gbọ́ pẹ̀lú wa. Ìyàtọ̀ pàtàkì sì nìyí: ohùn kò ní ojú. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìró nínú òkùnkùn yóò bẹ̀rù, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ẹni tí yóò nà ní pàṣán.

Ní ọdún 2014, ìròyìn kan jáde láti Bọ́ládé ní Òṣòdì. Wọ́n ní ẹyẹ dúdú kan já lulẹ̀, ó sì di obìnrin. Fọ́nrán àwòrán ibẹ̀ tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè pàápàá gbé e. Ẹni tí ó bá wo fọ́nrán náà kò rí ẹyẹ kankan. Obìnrin kan ni ó rí, tí ó fara gbọgbẹ́, tí ó wà nílẹ̀, tí èrò pagbo yí i ká. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ìròyìn yìí wò bí a ṣe ń yẹ fíìmù wò. Àwòrán kìíní: ẹyẹ ń já bọ̀. Àwòrán kejì: obìnrin wà nílẹ̀. Láàárín méjèèjì, kò sí nǹkan kan. Ibi tí ẹ̀rọ Méliès ti há ní Paris ni ẹ̀rọ ti há ní Bọ́ládé. Bí obìnrin náà ṣe gbọgbẹ́, ibi tí ó ti ń bọ̀, ẹni tí ó bí i àti ẹni tí ó bí, bóyá ara rẹ̀ yá tàbí kò yá, gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí já sínú oríkèé, a kò sì gbúròó wọn mọ́.

A kò sọ pé fíìmù ló kọ́ ará Òṣòdì ní ìtàn ẹlẹyẹ. Ìtàn náà ti wà kí a tó bí Ògúndé. Ohun tí a ń sọ ni pé fíìmù fún ìtàn náà ní àwòrán tí ó dúró lójú kan. Kí ó tó di ìgbà náà, olúkúlùkù ní láti fi ọkàn ara rẹ̀ ya ìyípadà ẹyẹ sí ènìyàn, àwòrán tí ọkàn bá yà kì í sì í dọ́gba. Ṣùgbọ́n ènìyàn tí ó ti rí ìyípadà kan náà lójú tẹlifíṣọ̀n ní àìmọye ìgbà kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi ìdajì yòókù hàn án mọ́. Fún un ní obìnrin tí ó ṣubú, ojú rẹ̀ yóò bá a wá ẹyẹ. Abala 210 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù ilẹ̀ wa láti ayé àwọn òyìnbó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fẹ̀sùn àjẹ́ kan ènìyàn. Òfin lè mú ẹni tí ó la ẹnu; kò lè mú àwòrán tí ó wà nínú orí agbo ènìyàn.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwòrán yìí fi ń ṣe wá ní ibi. Ní oṣù kejì ọdún 1999, ọwọ́ tẹ ọkùnrin kan lábẹ́ afárá ní Toyota, lójú ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá. Wọ́n ní ẹ̀yà ara ènìyàn wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìpayà gba gbogbo Èkó. Kíá ni ìgboro ti parí ìtàn náà: wèrè kọ́, ó ń ṣe bí wèrè ni, àwọn olówó ńlá ló ń bá a rà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ ló yẹ kí ó sọ fún wa, kò sì sọ. Ọkùnrin náà kú sí àhámọ́ ní ọdún 2012 láìsí ìdájọ́ tí ó dá a lẹ́bi tàbí tí ó dá a láre. Ohun tí ó dun ni ni pé ìdákẹ́jẹ́ yìí kò dun ìlú tó bí ó ti yẹ. Fíìmù ti dáhùn ìbéèrè náà ṣáájú adájọ́. Bí ènìyàn bá rò pé òun ti mọ ìparí ìtàn, kì í bínú mọ́ nígbà tí wọ́n bá pa ìwé rẹ̀ dé. Òkú ẹni tí a kò mọ orúkọ wọn sì wà nínú ìtàn náà síbẹ̀, tí wọ́n ń retí ẹni tí yóò béèrè wọn.

Ẹ̀tọ́ ni kí ẹnì kan bi wá pé ṣé àṣà wa kọ́ ló ní kí a bẹ̀rù ẹlẹyẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Ẹyẹ wà lórí adé ìlẹ̀kẹ̀ ọba, ẹyẹ wà lórí ọ̀pá Ọ̀sanyìn. Ọlá àti agbára ni wọ́n dúró fún níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀sùn. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń jáde láti yẹ́ àwọn ìyá sí. Ọkùnrin ló ń gbé ère lórí, tí ó ń wọ aṣọ obìnrin, tí ó ń jó, tí ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀, kí agbára àwọn ìyá lè rọ̀ sí rere fún ìlú. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun ìní àtayébáyé tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé. Agbára kan náà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti fídíò ẹlẹ́rù ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀kan bẹ ìyá, ó fi ẹ̀rín àti ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́. Èkejì fi iná pupa tan ojú ìyá láti ìsàlẹ̀, ó sì so ó mọ́ òkú ọmọ. Àṣà kọ́ ló yan èkejì fún wa. Ìrọ̀rùn ló yàn án: oríkèé olówó pọ́ọ́kú nílò ojú tí yóò nawọ́ sí, ojú obìnrin àgbà sì ni ojú tí kò lè bá a ṣẹjọ́.

Kì í ṣe dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olùdarí eré kan ti lo ọgbọ́n kan náà, wọ́n sì darí ìka rẹ̀ síbòmíràn. Nínú Tí Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Túndé Kèlání darí ní ọdún 1993, olóyè kan àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ta ilẹ̀ tí kò yẹ kí wọ́n tà. Ikú bẹ̀rẹ̀ sí í kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan, olóyè náà, tí Kareem Adépọ̀jù ṣe, sì ń sá kiri. Àwòrán kìíní ni owó ilẹ̀. Àwòrán kejì ni òkú alábàápín. Oríkèé náà wà níbẹ̀, òkùnkùn rẹ̀ sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó nawọ́ sí ni ẹni tí ó jẹ̀bi. Nínú Ṣaworoidẹ ti ọdún 1999, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀, ìró ìlù ni ikú. Ẹni tí ó bá fi ipá gbé adé Jogbo lérí láìbúra, bí ó bá gbọ́ ìlù náà, orí yóò fọ́ ọ, yóò sì kú. Kò sí iwin, kò sí ojú tí a kùn. Ìlù ń dún, ọ̀gágun tí ó fi ìbọn gba ìjọba ń di orí mú. Ohùn tí kò ní ojú ló pa á, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ tí kò jẹ́ ló pè é wá. Nínú The Figurine, tí Kúnlé Afọláyan darí ní ọdún 2009, àwọn ọ̀rẹ́ rí ère Àràròmirè nínú ojúbọ kan. Oríire dé, òfò sì tẹ̀lé e. Ṣé òrìṣà ló ṣe é ni, àbí ọ̀rẹ́ tí ń jowú? Fíìmù náà kò dáhùn. Ó fi oríkèé náà sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó sì jẹ́ kí òǹwòran rí ọwọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ó ń gbìyànjú láti pa á dé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, àjọ ìjọba tí ń ṣàyẹ̀wò fíìmù àti fídíò kéde pé ìlànà tuntun yóò dènà gbígbé òògùn owó lárugẹ nínú fíìmù. Ìpinnu náà kò burú, ṣùgbọ́n ohun tí a fi hàn nìkan ni irú ìlànà bẹ́ẹ̀ lè kà. Kò lè ka bí a ṣe so ó pọ̀. Ènìyàn lè ṣe fíìmù tí kò ní agbárí kan ṣoṣo nínú, kí ó fi ojú ìyá arúgbó kan tí ń wo ọmọ tí ń kọjá lọ, àti ojú ọmọ náà tí ń gbóná ní alẹ́, ba ayé obìnrin kan jẹ́ ní àdúgbò. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ìwé àṣẹ yóò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Ti olùgé-àwòrán ni, ti olùdarí eré ni, ti àwa tí a ń wò ó pẹ̀lú sì ni.

A kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni dẹ́kun fíìmù tí ń dẹ́rù bani. Ìbẹ̀rù ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ọkàn; ìlú tí kò bá bẹ̀rù nǹkan kan yóò jẹ gbogbo nǹkan. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí ẹni tí yóò so igbe àná mọ́ òkú òní bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóru. Ta ló ti rí ọmọ náà? Ṣé ibà ni? Ṣé ilé ìwòsàn jìnnà? Ta ló ná owó oògùn rẹ̀? Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Fíìmù tí ó bá lè fi òru náà hàn wá, pẹ̀lú gbogbo òkùnkùn rẹ̀, yóò bà wá lẹ́rù ju ẹyẹ èyíkéyìí tí ó lè já lulẹ̀ ní Òṣòdì lọ, nítorí pé nínú òkùnkùn náà ni a ó ti rí àwọn tí ó mọ̀ tí wọ́n sì dákẹ́, àwa pẹ̀lú yóò sì wà láàárín wọn.